Ẹ Jẹ́ Ká Mí

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa kan láìpẹ́ yìí, ọ̀dọ́mọbìnrin kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dìde, ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó sì dá àbá pé kí a máa ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí a ti ń mí. Kò tíì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí ẹ̀rín fi bú nínú ilé. Bàbá kan béèrè bóyá ọ̀sẹ̀ kejì ni a ó kọ́ wọn bí a ti ń ṣẹ́jú. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó jókòó, a sì kọjá sí ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́.

Èmi náà wà nínú àwọn tó rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo délé ni ojú wá tì mí. Mo rántí pé àsìkò ìdánwò ni a wà, mo sì rántí pé ohùn ọmọ náà ń gbọ̀n nígbà tó ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ní kí a kọ́ òun bí a ti ń mí, ohun tó ń sọ fún wa ni pé òun kò rí èémí mí dáadáa. Ẹ̀rín ni a sì fi dá a lóhùn. Nítorí náà mo fi ọ̀rọ̀ yìí tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fi í bá ọ̀wọ́ ènìyàn méjì jà láàárín wa: àwọn tó ń fi ẹ̀kọ́ mímí ṣe yẹ̀yẹ́, àti àwọn tó gbà pé ẹ̀kọ́ mímí nìkan ti tó, pé ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n mí kò ní ohun mìíràn í béèrè mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá tí ẹ sì gbọ́ Faransé, ẹ kọ́kọ́ wo bí èdè méjèèjì ti pàdé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Faransé a máa sọ pé «laissez-moi respirer». Àwa a máa sọ pé «ẹ jẹ́ kí n mí». Kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ fún ihò imú ara rẹ̀. Ẹnìkan ni a ń sọ ọ́ fún: olówó tó ń sin gbèsè lójúmọ́, ọ̀gá tí kò jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ jókòó, ẹbí tó ń béèrè ohun tí ọwọ́ kò ká. Tí a bá sì sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀, pé «ẹ jẹ́ ká mí», ìtumọ̀ rẹ̀ di méjì. Àkọ́kọ́ ni ìpè sí ara wa: ẹ wá, ẹ jẹ́ kí a jọ mí. Ìkejì ni ẹ̀bẹ̀, tàbí àṣẹ, sí ẹni tó fún wa lọ́rùn: ẹ yàgò, ẹ fún wa láyè kí a mí. Èdè wa kò ya ìtumọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwa ni a ń gbìyànjú láti yà wọ́n, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe wa wà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá àwọn ẹlẹ́yà lóhùn. Wọ́n ní: «Ta ni kò mọ bí a ti ń mí? Ọmọ tuntun kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kó tó ké igbe àkọ́kọ́.» Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo ọmọ tuntun náà níbi tó sùn sí. Ikùn rẹ̀ ni ó ń lọ sókè sódò, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, èjìká rẹ̀ kò sì mì. Iṣan ńlá kan wà tó fẹ̀ bí àwo, tó dúró láàárín àyà àti ikùn. Òun ni Faransé ń pè ní diaphragme. Nígbà tí a bá mí sínú, iṣan yìí a sọ̀kalẹ̀, ikùn a yọ síta díẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró a sì rí àyè gba afẹ́fẹ́ dé ìsàlẹ̀. Ọmọ tuntun mọ èyí láìsí olùkọ́. Lẹ́yìn náà ẹ wá wo akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ogún ọdún tó ń múra ìdánwò. Ó tẹ̀ kọ́lọ́bọ́ sórí ìwé tàbí sórí fóònù, èjìká rẹ̀ ti fẹ́ kan etí, ikùn rẹ̀ le bí pákó. Òkè àyà nìkan ni ó fi ń mí, kíákíá, bí ẹni tí ajá ń lé. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ìjókòó, ẹ̀rù àti ìkánjú ni ó kọ́ ọ. Ohun tí ìgbésí ayé bá mú wa gbàgbé, kì í ṣe ẹ̀gàn pé kí a tún un kọ́. A kò bí ẹnikẹ́ni láìmọ igbe ké, síbẹ̀ a ń kọ́ ọmọ ní orin.

Àwọn mìíràn ní àṣà òyìnbó ni, tàbí àṣà àwọn ará Íńdíà, pé kò kan ẹgbẹ́ tó dúró fún àṣà Yorùbá. Àwọn wọ̀nyí ni ó dùn mí jù lọ, nítorí àṣà tí wọ́n ní àwọn ń gbèjà ni wọn kò mọ̀. Kí ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ sí Kétu ní òru Ẹ̀fẹ̀, kí ó dúró títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Akọrin Ẹ̀fẹ̀ gbé igi gbígbẹ́ lé orí, aṣọ bò ó, ó sì ń kọrin sí ìlú láti òru títí di ìdájí, tí ohùn rẹ̀ kò já, tí ẹnu rẹ̀ kò wó. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yìí ni àjọ UNESCO kéde ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé. Ogún wa ni, ti Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ṣé ẹni tí kò kọ́ bí a ti ń mí lè ṣe é? Oníjàálá tó ń to oríkì ẹranko lẹ́sẹẹsẹ mọ ibi tí èémí yóò ti wọlé, nítorí bí ó bá mí níbi tí kò yẹ, ọ̀rọ̀ a já, olùgbọ́ a sì mọ̀ pé ọ̀gbẹ̀rì ni. Iyàwó tó ń sun ẹkún ìyàwó mọ bí a ti ń fa ìlà ọ̀rọ̀ gùn kí omijé tó gbà á. Ní àríwá orílẹ̀-èdè wa, àwọn afunkàkàkí ààfin Nikki kì í ṣe aláìlẹ́kọ̀ọ́: ẹni tí kò bá mọ ibi tí èémí ti ń wá kò lè mú irin gígùn yẹn sọ̀rọ̀ níbi ọdún Gaani. Gbogbo àwọn wọ̀nyí ti jókòó ti ọ̀gá. Wọ́n ti kọ́ mímí. A kàn pè é ní orúkọ mìíràn ni: a pè é ní ohùn.

Àwọn kan sì ń bẹ̀rù pé ẹ̀kọ́ yìí yóò mú àwọn ọmọ kúrò nínú ẹ̀sìn. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ aáfà ilé kéú. Ọmọ kéú ń kọ́ ibi tó gbọ́dọ̀ dúró láti mí nínú áyà, nítorí bí ó bá dúró síbi tí kò tọ́, ìtumọ̀ lè yí padà. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ olórí ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó ń fi ìka tọ́ka sí ibi tí gbogbo ohùn yóò ti mí pa pọ̀. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ babaláwo, yóò sọ fún wọn pé Ọbàtálá ni ó ń mọ ara, ṣùgbọ́n Olódùmarè nìkan ni ó ń fi èémí sí i. Èdè wa náà ń jẹ́rìí sí i. Láti inú «mí» ni a ti rí èémí tó ń gba imú wọlé, àti ẹ̀mí tí a fi wà láàyè, àti ìmísí tó ń bá akéwì lóru.  Bí ẹ̀sìn kankan bá wà tí kò ní èémí nínú, n kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Kí ni ẹ̀kọ́ náà ń ṣe fún ara? N kò ní bù mọ́ ọn. Nígbà tí ẹ̀rù bá bà wá, ọkàn a máa sáré, èémí a sì máa sáré tẹ̀lé e. Ọkàn kì í gba àṣẹ: kò sí ẹni tó lè sọ fún un pé kó rọra. Ṣùgbọ́n èémí ń gba àṣẹ. Òun nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ lójú oorun, tí a sì tún lè darí rẹ̀ lójú mọ́mọ́. Bí a bá fà á gùn, pàápàá jù lọ nígbà tí a bá ń mí síta, iṣan ìmọ̀lára kan tó ti inú orí sọ̀kalẹ̀ dé ọkàn àti ikùn, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní nerf vague, a ránṣẹ́ sí ọkàn pé kó dẹ ìrìn. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ a máa mí bí ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Ohun tí àwọn elédè Faransé ń pè ní cohérence cardiaque kò ju pé kí a mú un wá sí ìgbà 6 ní ìṣẹ́jú kan, fún ìṣẹ́jú 5, ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹ jókòó, kí ẹ̀yìn yín nà. Ẹ fi ọwọ́ lé ikùn. Ẹ gba imú mí sínú, kí ẹ kà á lọ́kàn: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ẹ mí síta, kí ẹ kà dé ẹ̀fà. Ẹ má fi agbára ṣe é. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí òòyì bá fẹ́ kọ́ yín, ẹ fi í sílẹ̀ kí ara padà bó ṣe wà. Kì í wo ikọ́ fée, kì í rọ́pò oògùn, kò sì gbọdọ̀ sí ẹni tí yóò torí rẹ̀ ju oògùn tí dókítà kọ fún un nù. Ṣùgbọ́n fún ọmọ tí àyà rẹ̀ ń já lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìdánwò, ìṣẹ́jú márùn-ún yìí lè dá a padà sínú ara rẹ̀. Kò ná an ní owó kankan. Èyí ha tọ́ sí ẹ̀rín bí?

Bí mo bá dúró níhìn-ín, ọ̀wọ́ kejì yóò pàtẹ́wọ́ fún mi. Àwọn ni wọ́n fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ìfọ̀kànbalẹ̀. Wọ́n ń sọ pé inú ara wa ni gbogbo wàhálà ti ń wá, pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mí ti bọ́. Wọ́n ń sọ fún ìyá ọlọ́jà ní Dantokpa pé kí ó mí kanlẹ̀, kí ó sì fọwọ́ wọ́nú. Mo bi wọ́n: kí ni ìyá yìí yóò mí kanlẹ̀? Kí ni ó wà nínú afẹ́fẹ́ tí ẹ ní kó fà dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró?

Ẹ gùn zemidjan láti Akpakpa ní agogo méje àárọ̀, kí ẹ gba Étoile Rouge kọjá, kí ẹ dojú kọ Godomey, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ti ń ṣe lọ sí yunifásítì ní Abomey-Calavi. Ẹ dúró níbi tí iná pupa ti dá alùpùpù dúró, tí gbogbo ẹ̀rọ ń gbọ̀n, tí ọkọ̀ akẹ́rù kan sì tu èéfín dúdú sójú yín. Ara yín á ṣe ohun tí ó gbọ́n jù: á dá èémí dúró. Àyà tó sé yẹn kì í ṣe àìmọ̀kan. Ọgbọ́n ara ni. Ẹni tó bá wá sọ fún yín níbẹ̀ pé kí ẹ mí dáadáa, kí ẹ mí jinlẹ̀, ó ń kọ́ yín bí a ti ń mu kànga onímájèlé yó. Nítorí bí èémí bá ti jinlẹ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ni èéfín ń wọlé jinlẹ̀ sí.

Ẹ tún wo ohun tó yà mí lẹ́nu nípa wa. Ènìyàn kan kì í mu omi ju lítà méjì tàbí mẹ́ta lọ lójúmọ́. Síbẹ̀, a ń se omi, a ń sẹ́ omi, a ń ra omi inú ọ̀rá, a sì ń gbé ike rẹ̀ sókè sí oòrùn kí a tó mu ún. Afẹ́fẹ́ tí ẹni kan náà ń mí lójúmọ́ tó nǹkan bí lítà 10,000. Èyí ni a kì í béèrè ibi tó ti wá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé afẹ́fẹ́ tó dọ̀tí, ti ìta àti ti inú ilé, ń ṣe okùnfà ikú nǹkan bí mílíọ̀nù 7 ènìyàn lọ́dọọdún ní gbogbo ayé. Àjọ náà sọ ní 2021 pé eruku tó kéré jù lọ, èyí tó ń gba ẹ̀dọ̀fóró kọjá wọ inú ẹ̀jẹ̀, kò gbọdọ̀ ju máíkírógíráàmù 5 lọ nínú mítà onígun mẹ́ta afẹ́fẹ́, bí a bá ṣírò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Nígbà tí ọyẹ́ bá gbé eruku aṣálẹ̀ dé bá èéfín alùpùpù, èéfín èédú ìdáná àti èéfín ààtàn tí à ń sun, kò sí ẹni tó nílò ẹ̀rọ ìwọ̀n kó tó mọ̀ pé a ti kọjá ibẹ̀. Aṣọ funfun tí a sá síta yóò sọ fún un.

Àwọn tó ń túmọ̀ èdè Fọ̀n sọ fún wa pé orúkọ Kútọnu já sí ẹnu odò ikú. Àwa Yorùbá gbà pé orúkọ ń ro ẹni. Ojúṣe wa ni láti rí i pé orúkọ yìí kò ro ìlú.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí ọ̀rọ̀ mi sí ẹ̀bi àwọn òtòṣì. Ó rọrùn láti na ìka sí ọlọ́kọ̀ zemidjan àti sí ìyá tó to ìgò kpayo sórí tábìlì lẹ́bàá ọ̀nà. Ta ni ó mí èéfín ju ọlọ́kọ̀ náà lọ, tó wọ ẹ̀wù àwọ̀ ìyeyè rẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́ láàárín ẹ̀rọ? Ta ni ó sì sún mọ́ ewu ju oníkpayo lọ? Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, iná sọ ní ibi tí wọ́n ń kó epo bẹ́ẹ̀ jọ sí ní agbègbè Sèmè-Podji. Ó kéré tán, ènìyàn 34 ni ó kú. Àwọn tó kú kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Àwọn tó wá ra ohun tí owó wọn ká, àti àwọn tó ń tà á láti fi jẹun, ni. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé epo tó bá òfin mu ti mọ́ láti ọjọ́ tó pẹ́. Ní 2016, àjọ Public Eye ti ilẹ̀ Switzerland gbé ìwádìí kan jáde lórí epo tí wọ́n ń tà ní ilé epo ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́jọ, Bẹ̀nẹ̀ wà nínú wọn. Wọ́n rí epo tí imí ọjọ́ inú rẹ̀ fi ìgbà 378 ju ohun tí òfin Yúróòpù gbà láàyè lọ. Àwọn oníṣòwò ńlá mọ̀ ọ́n mọ̀ pò ó bẹ́ẹ̀ fún wa, nítorí òfin tiwa gbà á. Ọdún 2020 ni àwọn mínísítà ECOWAS tó fẹnu kò pé kí epo tó ń wọ ẹkùn wa má ṣe ju ìdá 50 nínú mílíọ̀nù imí ọjọ́ lọ láti 2021. Láàárín àwọn oníṣòwò wọ̀nyẹn àti ìyá oníkpayo, ẹ sọ fún mi ẹni tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ fún pé «ẹ jẹ́ ká mí».

Ọmọ ìlú wa kan ti sọ gbogbo èyí láìlo ọ̀rọ̀ ẹnu. Romuald Hazoumè, tí wọ́n bí ní Porto-Novo ní 1962, tó sì jẹ́ ọmọ Yorùbá, mú kẹ́ẹ̀gì epo tí a ń pè ní bidon, ó sọ ọ́ di ìbòjú. Ibi tí epo ti ń jáde di ẹnu. Ọwọ́ rẹ̀ di imú. Nínú iṣẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ La Bouche du Roi, tí ilé ìṣúra British Museum rà ní 2007, ó to irú ojú bẹ́ẹ̀ 304 bí àwọn ẹrú ti tò nínú ọkọ̀ ojú omi. Àwọn tó ń kọ́ àṣà ní ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ràn láti máa sọ̀rọ̀ ẹwà iṣẹ́ yìí. Kí wọ́n tún wo ẹnu wọ̀nyẹn. Gbogbo wọn là sílẹ̀. Gbogbo wọn dà bí ẹni tó ń wá èémí.

Àwọn kan yóò wí pé: «Ọ̀rọ̀ ìjọba ni èyí. Kí ni ẹgbẹ́ àṣà ní í ṣe pẹ̀lú èéfín?» Mo dáhùn pé òfin ti pè wá sí i tipẹ́. Abala 27 ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ sí àyíká tó dára fún ìlera, ó sì fi gbígbèjà àyíká náà ṣe ojúṣe olúkúlùkù. Ẹ kíyè sí i: ẹ̀tọ́ ni, ojúṣe sì ni. Òfin ìpìlẹ̀ lórí àyíká tẹ̀ lé e ní oṣù kejì ọdún 1999. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 2001, àṣẹ 2001-110 fi òṣùwọ̀n lélẹ̀ fún ohun tí afẹ́fẹ́ Bẹ̀nẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dá àbá ní ìpàdé wa kò tíì dáyé nígbà tí a kọ ọ́, tàbí wọ́n ṣì wà lẹ́yìn ìyá wọn. Wọ́n ti dàgbà tó ìgbéyàwó, ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì tíì gbọ́ pé ìwé náà wà. Òfin tí aráàlú kò mọ̀ dà bí oògùn tó wà nínú àpò ẹni tó sùn.

Àwọn àgbà sì ti sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Kò sí ibi tí òwe yìí ti bá ọ̀rọ̀ mu tó ti afẹ́fẹ́. A lè mọ odi yí ilé ká, a lè gbẹ́ kànga tiwa, a lè ra ẹ̀rọ amúnáwá tiwa. Kò sí ẹni tó lè ní afẹ́fẹ́ tirẹ̀. Èémí tó jáde ní imú mi ni ó wọ imú aládùúgbò mi. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ mímí di ọ̀rọ̀ ẹnìkan ṣoṣo, tó ń dìjú nínú yàrá rẹ̀, kò mọ ohun tí mímí jẹ́.

Àwọn tó ń fi ẹ̀kọ́ náà rẹ́rìn-ín jẹ̀bi. Àwọn tó ń ta á bí oògùn gbogboǹṣe náà jẹ̀bi. Àwọn ti ìṣáájú sọ fún aláìsàn pé kò sí ohun tó ṣe é. Àwọn ti ẹ̀yìn sọ fún un pé òun ló ṣe ara rẹ̀. Méjèèjì fi í sílẹ̀ nínú èéfín.

Kí ni mo wá fẹ́? Ohun mẹ́ta, tí ẹgbẹ́ wa lè bẹ̀rẹ̀ kí ọdún yìí tó parí. Èkíní, kí a fún ọmọ náà ní wákàtí rẹ̀. Kí a kọ́ ẹ̀kọ́ náà ní èdè wa, kí a sì pe àwọn tó mọ̀ ọ́n láti wá kọ́ wa: oníjàálá, aáfà, olórí akọrin, àti nọ́ọ̀sì kan tí yóò dá wa dúró níbi tó bá yẹ kí á dúró. Kí a má ṣe é lẹ́bàá títì. Etí òkun ní Fidjrossè kò jìnnà, afẹ́fẹ́ tó ń ti orí omi wá kò sì béèrè owó ìwọlé.

Èkejì, kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní ọjọ́ ọdún wa, ẹ̀rọ amúnáwá a máa hó lẹ́bàá ibi tí àwọn ọmọdé jókòó sí. Ọ̀wọ́ alùpùpù tó gbé wa wá a máa dúró tí ẹ̀rọ wọn kò kú. Bí a bá sì jẹun tán, a ó kó ọ̀rá jọ, a ó dáná sun ún. Ẹni tó wà nínú èéfín tirẹ̀ kò lẹ́nu láti bá aládùúgbò wí. Kí a gbé ẹ̀rọ náà jìnnà, kí a pa alùpùpù, kí a sì kó ọ̀rá fún àwọn tó ń kó ìdọ̀tí.

Ẹ̀kẹta, kí a kọ lẹ́tà kan ní Yorùbá àti Faransé sí ilé iṣẹ́ ìlú àti sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àyíká. Kí a béèrè pé kí wọ́n máa wọn afẹ́fẹ́ lẹ́bàá àwọn ilé ẹ̀kọ́, kí wọ́n sì máa kéde ohun tí wọ́n bá rí ní èdè tí ìyá ọlọ́jà gbọ́. Kí a béèrè pé kí a má ṣe ta epo lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ mọ́, kí wọ́n sì wá iṣẹ́ mìíràn fún àwọn tó ń tà á kí wọ́n tó lé wọn. Alùpùpù tó ń lo iná mọ̀nàmọ́ná ti ń rìn ní ìgboro wa. Kí a béèrè bí ọlọ́kọ̀ tí kò lówó lọ́wọ́ yóò ṣe rí i gùn. Kí a kọ abala 27 sí òkè lẹ́tà náà.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìbéèrè mẹ́ta yìí ti pọ̀ jù fún ẹgbẹ́ àṣà, kí ó sọ fún mi ohun tí a ó fi àṣà ṣe nígbà tí akọrin Ẹ̀fẹ̀ bá ń wúkọ́ láàárín orin.

Ọ̀rọ̀ mi kù sọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ kọ́ bí a ti ń mí. Ẹ kọ́ ọ dáadáa, kí àyà yín lè balẹ̀ nínú yàrá ìdánwò, kí ohùn yín má sì gbọ̀n nígbà tí ẹ bá dìde níwájú àwọn àgbà tó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ohùn náà bá sì ti dúró, ẹ má fi í dákẹ́. Ẹ fi í béèrè afẹ́fẹ́.

Ní ti ọ̀dọ́mọbìnrin tó dá àbá náà: ìpàdé tó ń bọ̀, èmi ni yóò tún àbá rẹ dá, èmi ni yóò sì kọ́kọ́ na ọwọ́ sí i.